Aṣọ ni kó tà, kì í ṣe ìtàn ara rẹ̀: bí a ṣe ń gba ẹni tó tẹ̀wọ̀n dé sídìí iṣẹ́ àdìrẹ n'Íbàdàn

Ọjọ́ tí èèyàn bá tẹ̀wọ̀n dé kọ́ ni wàhálà máa ń bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ilé kún, ìyá ń ro àmàlà, àbúrò ti sáré lọ ra bàtà tuntun. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni kí ẹ ṣọ́. Àlejò ti tán, kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ rẹ̀ láàárọ̀ mọ́, ó kàn jókòó sẹ́yìnkùlé tó ń wo adìẹ. Ìgbà yẹn gan-an ni àwọn ọ̀rẹ́ àtijọ́ máa ń rántí pé àwọn mọ ọ̀nà ilé yín.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ẹbí, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí máa ń ṣe ni pé wọ́n á dáwó jọ, wọ́n á ra ọ̀kadà tàbí ẹ̀rọ ìránṣọ fún un, wọ́n á ya fọ́tò, ó parí. Lẹ́yìn oṣù méjì, wọn ò rí ọ̀kadà, wọn ò sì rí ẹni tó gùn ún. Aláró ni mí. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń gba irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ sẹ́yìnkùlé mi nítòsí Bẹẹrẹ. Àwọn kan dúró. Àwọn kan lọ, àwọn tó lọ yẹn ló sì kọ́ mi ní èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo fẹ́ sọ. Bó bá jẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ lẹ̀ ń sín, tàbí igi lẹ̀ ń gbẹ́, irinṣẹ́ nìkan lẹ máa pààrọ̀. Ọ̀nà tí ẹ máa gbà kò yàtọ̀.

Ohun tí ẹ máa kó sílẹ̀

- Ìwé ìdásílẹ̀ rẹ̀, nọ́ḿbà NIN, àti ìwé ẹ̀rí yòówù tó bá gbà lọ́hùn-ún.
- Owó ọkọ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tí ẹ yà sọ́tọ̀. Kì í ṣe owó iṣẹ́, ẹ má sì pè é ní gbèsè. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ẹ rò pé ó ya ọ̀lẹ, owó ọkọ̀ láti Moniya wá sí Bẹẹrẹ ni kò ní, ojú sì ń tì í láti sọ.
- Aṣọ òwú funfun, yáàdì márùn-ún márùn-ún. Ọjà Gbági ni mo ti ń rà á. Ẹ má ra èyí tó ní ọ̀rá, ìyẹn pọlísítà, nínú, kì í mu aró.
- Ìko tàbí òwú tó le, láfún, álọ́ọ̀mù, ìyẹ́ adìẹ.
- Àtíkè aró, kọ́sítíìkì sódà, hydrosulphite (kẹ́míkà tó ń jẹ́ kí aró wọ aṣọ), ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó gùn dé igunpá, ìbòmú, báàfù ike méjì, igi ìròkó tàbí igi mìíràn tó gùn tí ẹ máa fi yí aṣọ. Kò gbọdọ̀ sí ìkòkò alumíníọ̀mù níbẹ̀. Kọ́sítíìkì á jẹ ẹ́ jẹ ẹ́ títí tó fi máa lu.
- Èèyàn kan tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀, tó lè pè bí inú bá ń bí i sí ẹ̀yin gan-an. Èyí ni mo máa ń gbàgbé jù.

Ìgbésẹ̀ 1: Ìwé ṣáájú aró

Ẹ kọ́kọ́ bi í: ṣé ó ṣẹ̀wọ̀n tán ni, àbí wọ́n gba bélì rẹ̀, àbí ilé-ẹjọ́ ní kò jẹ̀bi? Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó lé ní ìdajì àwọn tó wà lọ́gbà ẹ̀wọ̀n nílẹ̀ wa tí ilé-ẹjọ́ kò tíì dá lẹ́jọ́ rárá. Àwọn là ń pè ní awaiting trial, àwọn fúnra wọn a sì máa pe ara wọn ní ATM. Ẹni tó jáde lórí bélì kò tíì bọ́ o. Bó bá pa ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ kan jẹ torí pé ó ń rẹ aṣọ lọ́dọ̀ yín, adájọ́ lè ní kí wọ́n lọ mú un, wàhálà á sì kan ẹni tó dúró fún un náà. Ẹ kọ ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù, níbi tí ẹ̀ ń kọ gbèsè àwọn oníbàárà sí.

Bó bá kọ́ṣẹ́ nínú ọgbà, ẹ béèrè ìwé rẹ̀. Òfin tó sọ ilé-iṣẹ́ ẹ̀wọ̀n di Nigerian Correctional Service lọ́dún 2019 dárúkọ ìwé ẹ̀rí ìwà rere fún ẹni tó gba ìdálẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ tó sì hùwà tó dáa. Ọ̀pọ̀ wọn kì í béèrè rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ṣí géètì fún, ọ̀nà ilé ló ń wò, kì í wẹ̀yìn. Ẹ bá a padà lọ. Dídá padà lọ sí géètì ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi yẹn kò rọrùn fún un.

Ó wá kan fóònù àti báńkì. Síìmù tí wọn ò lò fún oṣù mẹ́fà, ilé-iṣẹ́ fóònù lè ti í pa. Bí oṣù mẹ́fà míì bá tún kọjá, wọ́n lè gbé nọ́ḿbà náà fún ẹlòmíì. Nọ́ḿbà yẹn sì ni BVN rẹ̀ so mọ́! Bẹ́ẹ̀ náà ni àkáǹtì tí kò ṣiṣẹ́ fún ọdún kan ti sùn ní báńkì. Ẹ ra síìmù tuntun fún un pẹ̀lú NIN, kó lọ sí báńkì fúnra rẹ̀ kí wọ́n yí nọ́ḿbà orí BVN rẹ̀ padà, kí wọ́n sì jí àkáǹtì náà. Ẹ gbé oúnjẹ dání, ìlà báńkì kì í ṣeré.

Ibi tí a ti ń ṣìnà: ẹ̀gbọ́n kan á ní, "Ẹ máa san owó rẹ̀ sínú àkáǹtì tèmi, mo máa bá a tọ́jú ẹ̀." Inú rere ni o, ṣùgbọ́n kò ní pé oṣù kan tí ìjà á fi dé. Ẹni tí wọ́n ti ń bá tọ́jú ohun gbogbo láti ọdún mẹ́ta kò tún fẹ́ wọ́dà míì nílé.

Àyẹ̀wò: ẹ fi igba náírà ránṣẹ́ sí i. Kí álẹ́ẹ̀tì báńkì dé sórí fóònù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ná an. Bí èyí ò bá ṣeé ṣe, ẹ ò tíì kúrò ní Ìgbésẹ̀ 1.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ fún un ní aago

Nínú ọgbà, wọ́n ń kà wọ́n láàárọ̀, wọ́n ń kà wọ́n nírọ̀lẹ́, wọ́n á sì ti sẹ́ẹ̀lì kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó jẹ́ pé ẹlòmíì ló ń sọ ìgbà tó máa jẹun fún un fún ọdún mẹ́rin, ẹ wá ní kó "máa bọ̀ nígbà tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn". Kò ní rọ̀ ọ́ lọ́rùn láéláé. Ẹ ní aago mẹ́jọ, Mọ́ńdé sí Fúráìdè. Bó bá di aago mẹ́jọ àbọ̀ tí ẹ ò rí i, ẹ pè é, ẹ má bú u, ẹ kàn bi í ibi tó dé.

Àyẹ̀wò: ní ọ̀sẹ̀ kejì, lọ́jọ́ kan ṣoṣo ó kéré tán, ẹ máa bá a níwájú ṣọ́ọ̀bù kí ẹ tó dé.

Ìgbésẹ̀ 3: Oníko ni kó fi bẹ̀rẹ̀

Mo mọ̀ pé ẹlẹ́kọ, èyí tí a ń fi ẹ̀kọ láfún yà sára aṣọ, ló lẹ́wà lójú oníbàárà. Ẹ má fi bẹ̀rẹ̀. Ìko la fi ń di aṣọ ní ti oníko; dídì yẹn kò ní iná, kò ní kẹ́míkà, kò ní bírò, kò sì sí pé ẹnì kan mọ̀wé ju ẹnì kan lọ. Èèyàn á jókòó, orí á tẹ̀ sílẹ̀, ọwọ́ á máa ṣiṣẹ́, kò sí ẹni tó ń wojú ẹni. Ọ̀rọ̀ tí kò lè jáde bí ẹ bá jókòó kojú ara yín, á yọ́ jáde láàárín kókó kejìlá àti ìkẹtàlá. Bí kò bá sì jáde, ẹ má fà á.

Oṣùbàǹbà ni kó kọ́kọ́ dì: òṣùpá ńlá kan láàárín, kéékèèké yí i ká.

a. Ẹ ká aṣọ sí mẹ́rin kí ẹ lè rí àárín rẹ̀. Ẹ fi ìka méjì gbé àárín náà sókè bí ẹni gbé etí ehoro.

b. Ẹ fi ìko wé e láti ìdí, kí wíwé kan máa sún mọ́ èkejì. Bí ẹ ṣe wé e gùn tó ni òṣùpá á ṣe tóbi tó.

d. Fún àwọn kéékèèké, ẹ fi ẹ̀wà tàbí òkúta wẹ́wẹ́ sábẹ́ aṣọ, ẹ dì í lọ́rùn.

Ibi tí a ti ń ṣìnà: ìwàǹwára. Wọn ò ní dì í le, aró á wọ abẹ́ ìko, ẹ ò ní rí òṣùpá, kùrukùru lẹ máa rí. Ìkejì ni ìtúsílẹ̀. Wọ́n máa ń fẹ́ fi abẹ gé ìko kíákíá. Ọmọkùnrin kan wà tó di bí ogójì kókó láìsọ̀rọ̀ látàárọ̀ títí di ọ̀sán. Nígbà tí aṣọ gbẹ, ó tú èyí tó wà láàárín, ó nà án sójú oòrùn. Funfun yẹn là kedere láàárín dúdú aró. Ó wò ó títí. Ó ní, "Ìyá, ṣé èmi ni mo ṣe èyí?" Mo ní, "Ìwọ ni. Ìwọ náà lo fi abẹ ya ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yẹn." Ó rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí eyín rẹ̀. Aṣọ náà ṣì wà nílé mi, pẹ̀lú ihò rẹ̀. Ẹ fi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ gbé orí ìko sókè kí ẹ tó gé e.

Àyẹ̀wò: kí ẹ tó ki aṣọ bọ aró, ẹ fi èékánná àtàǹpàkò ti ìdí kókó kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá yẹ̀, kó tún un dì.

Ìgbésẹ̀ 4: Aró, àti ohun tó lè fọ́jú èèyàn

Níbí, ẹ̀yin lẹ máa dúró tì í. Ìta gbangba ni o, kì í ṣe inú yàrá.

a. Ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá wà nítòsí, ọ̀gá pẹ̀lú. Bí ọ̀gá kò bá wọ̀ ọ́, ọmọ iṣẹ́ kò ní wọ̀ ọ́.

b. Omi ló ń kọ́kọ́ wọ báàfù. Kọ́sítíìkì ni ẹ ó dà sínú omi, díẹ̀díẹ̀. Ẹ ò gbọdọ̀ da omi lé kọ́sítíìkì lórí láéláé; á hó, á sì ta sókè sójú yín. Bó bá kan ara, ẹ máa da omi tó mọ́ sí i fún ogún ìṣẹ́jú, bó bá sì jẹ́ ojú, kí omi ṣì máa ṣàn sí i bí ẹ ṣe ń wá ọkọ̀ ọsibítù.

d. Ẹ po àtíkè aró sínú omi gbígbóná díẹ̀, ẹ dà á mọ́ ọn, kí hydrosulphite tó tẹ̀lé e. Ìwọ̀n tí ẹni tó tà á fún yín bá sọ ni kí ẹ tẹ̀lé, torí aró kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀.

e. Ẹ rẹ aṣọ sínú omi lásán kí ẹ tó kì í bọ inú aró. Aṣọ gbígbẹ á mu aró ní àmujù níbì kan, á kọ̀ ọ́ níbòmíì.

Bó bá jẹ́ aró dúdú ti àdìrẹ, aṣọ kò ní jáde ní dúdú. Àwọ̀ ewé ló máa ní. Ọmọ tuntun á rò pé òun ti bà á jẹ́, á fẹ́ tì í padà sínú báàfù. Ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ẹ ní kó gbé e sókè kí afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ, kó máa wò ó. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, àwọ̀ ewé yẹn á máa ṣú bọ̀ láti etí aṣọ wá sí àárín, títí gbogbo rẹ̀ á fi di aró. Mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí látìgbà tí mi ò tíì lọ́kọ, mi ò tíì rí ìgbà tí mo yíjú kúrò.

Àyẹ̀wò: lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣan án tó ti gbẹ, ẹ fi áńkáṣíìfù funfun tó tutù ra á lójú. Bí áńkáṣíìfù bá yí àwọ̀, aṣọ yẹn á ṣí mọ́ oníbàárà lára. Ẹ tún un ṣan, ẹ má tíì tà á.

Nígbà tí ó bá ti rẹ bí aṣọ mẹ́wàá tí kò ṣí, ó lè bọ́ sórí ẹlẹ́kọ. Ẹ fi láfún àti álọ́ọ̀mù ro ẹ̀kọ tó ki bí ògì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná, ẹ fi ìyẹ́ adìẹ yà á sójú kan aṣọ, ẹ sá a títí á fi gbẹ. Àwòrán tí à ń pè ní Ìbàdàndùn ni mo máa ń fún wọn: òpó Gbọ̀ngàn Màpó, pẹ̀lú ṣíbí láàárín òpó sí òpó. Òpó rọrùn fún ọwọ́ tó ṣì ń gbọ̀n, ṣíbí ló ń fi ẹni tí kò ní sùúrù hàn.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ fi eré kọ́ ọ ní ìdáhùn

Níbí ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá iṣẹ́ ti ń jáwọ́, wọ́n á ní aláró làwọn, àwọn kì í ṣe òṣèré. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Oníbàárà á wọlé, á rí i, á ní, "Háà, ó tọ́jọ́ mẹ́ta! Níbo lo wọlé sí láti ọjọ́ yìí?" Ìbéèrè kékeré. Ọmọ yẹn á dà bí ẹni tí wọ́n da omi yìnyín lé lórí. Ó lè parọ́ pé Kòtónù lòun wà, irọ́ náà á sì bí ọmọ. Ó lè sá lọ sẹ́yìn. Lọ́jọ́ kejì kò ní wá.

Nítorí náà ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, a máa ń da ìjókòó sí òbìrìkìtì. Ẹnì kan á ṣe bàbá onílé, ẹnì kan á ṣe ẹni tó ń wá yàrá. Àwọn tó kù ń wò. Bí ẹni tó ń wá yàrá bá sọ̀rọ̀ tó máa bà á jẹ́, èyíkéyìí nínú òǹwòran á pàtẹ́wọ́, eré á dúró, òun náà á bọ́ sójú agbo gba ipò rẹ̀, á gbìyànjú ìdáhùn tirẹ̀. Augusto Boal, ará Brazil tí àwọn ológun mú tì mọ́lé lọ́dún 1971, ló sọ irú eré báyìí di mímọ̀ káàkiri ayé. Ẹni tó bá ti wo alárìnjò rí, tó mọ bí òǹwòran ṣe ń dá sí eré, kò ní ṣe àjèjì sí i.

Òfin mẹ́ta là ń lò. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ gan-an léré. Ẹni tó tẹ̀wọ̀n dé ló máa kọ́kọ́ ṣe bàbá onílé, kó jẹ́ òun ló ń bi èèyàn ní ìbéèrè fún ìgbà kan. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí àdúrà, kò sí ìwàásù, títí eré á fi tán.

Lẹ́nu bí ìgbà mẹ́rin, ìdáhùn máa ń kúrú. Ọ̀kan rèé tó dúró:

"Ṣé o níṣẹ́ lọ́wọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni bàbá. Àdìrẹ ni mò ń ṣe."

"Látìgbà wo?"

"Oṣù Kẹta. Kó tó dìgbà yẹn mo ṣẹ̀wọ̀n ọdún méjì, mo sì ti ṣe é tán. Nọ́ḿbà ọ̀gá mi nìyí, ẹ lè pè wọ́n."

Gbólóhùn kan lórí ẹ̀wọ̀n, iṣẹ́ níwájú rẹ̀, ẹlẹ́rìí lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí ilé-ẹjọ́ ní kò jẹ̀bi kò gbọdọ̀ sọ pé òun "ṣẹ̀wọ̀n". Kó ní wọ́n tì í mọ́lé, ilé-ẹjọ́ sì dá a sílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó gba ẹ̀ṣẹ̀ tí adájọ́ kò kà sí i lọ́rùn nítorí pé ó yá lẹ́nu. Bàbá onílé míì á sì kọ̀ ṣá. A máa ń ṣe ìyẹn náà léré: bí a ṣe ń kí i pé ó dàbọ̀, tí a ó sì jáde láì gbá ilẹ̀kùn.

Àyẹ̀wò: ẹ bi í ní ìbéèrè náà lójijì nígbà tó ń ká aṣọ. Bí ọwọ́ rẹ̀ kò bá dúró, ó ti mọ̀ ọ́n.

Ìgbésẹ̀ 6: Ọjà títà, àti àwọn oníkámẹ́rà

Ẹ kọ iye tí aṣọ funfun, aró àti ìko ná yín, ẹ fi owó ọwọ́ rẹ̀ lé e, kó rí i bí ẹ ṣe ń ṣírò rẹ̀. Ọjọ́ tí aṣọ bá tà ni kó gba tirẹ̀. "Ìparí oṣù" jìnnà jù fún ẹni tó ní ìdẹwò mẹ́ta láti sá fún. Ẹ mú un dání lọ sí ọjà Alẹ́ṣinlọ́yẹ́, kó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ná ọjà, kó sì gbé aṣọ sórí status WhatsApp tirẹ̀. Fọ́tò aṣọ o, kì í ṣe fọ́tò òun.

Ibi tí a ti ń ṣìnà, èyí sì dùn mí: àwọn kan wá lọ́dún kan, ẹgbẹ́ tí mi ò ní dárúkọ, wọ́n ní àwọn fẹ́ ràn wá lọ́wọ́. Wọ́n gbé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi lọ sórí ìtàgé, wọ́n wọ aṣọ ẹlẹ́wọ̀n fún un, wọ́n ní kó sọ ohun tó ṣe. Ó sọ ọ́. Gbogbo èèyàn sunkún, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n fún un ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà. Lọ́jọ́ kejì fídíò náà ti dé fóònù ìyá ọmọbìnrin tó fẹ́ fẹ́. Ọjọ́ mẹ́tàlá ni mi ò fi rí i. Ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀, èmi ni mo ní kó lọ.

Láti ìgbà yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá gbé kámẹ́rà wá, mo máa ń bi í: Ṣé aṣọ lẹ fẹ́ yà àbí ojú rẹ̀? Ta ló máa rí i, yóò sì wà níbẹ̀ di ìgbà wo? Bó bá ní kí ẹ yọ ọ́ kúrò lọ́dún tó ń bọ̀, ṣé ẹ máa yọ ọ́? Ẹni tó bá fẹ́ ràn án lọ́wọ́ lóòótọ́ á ra aṣọ.

Àyẹ̀wò: oníbàárà kan padà wá, ó ní òun ń wá "ẹni tó ṣe oṣùbàǹbà ọjọ́sí".

Ìgbésẹ̀ 7: Kọ́kọ́rọ́

Ó máa pa ọjọ́ jẹ. Ó lè mutí wá lọ́jọ́ kan. Ẹ má jẹ́ kó sún mọ́ kọ́sítíìkì lọ́jọ́ náà, ẹ fún un ní ìko, kó máa dì í. Olè jíjà ni mi ò lè gbà, mo sì máa ń sọ ọ́ fún wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Bó bá ti pé oṣù mẹ́ta, ẹ fún un ní kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù, kí òun máa ṣí i láàárọ̀, kó sì máa tì í nírọ̀lẹ́. Ẹ má ṣe é bí ayẹyẹ. Ẹ kàn gbé e lé e lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀ ń lọ.

Ẹni tí mo kọ́kọ́ fún, nígbà tí mo padà wá mú fóònù mi tí mo gbàgbé, mo bá a lórí àga níta, ilẹ̀ ti ṣú, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ó ní òun ti gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní ìró yẹn ni, ìró kọ́kọ́rọ́ nínú ilẹ̀kùn, òun kò fẹ́ kó ti ọwọ́ òun jáde. Mo tì í, a jọ rìn dé ibi tí ó ti ń wọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ náà lọ́jọ́ kẹta. Lọ́jọ́ kẹrin mo gbọ́ ìró náà lẹ́yìn mi kí n tó dé ẹnu géètì.

Ẹ tọ́jú kọ́kọ́rọ́ kejì sílé o. Wọ́n máa ń sọ ọ́ nù.